Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Bí A Ṣe Lè Tọpa Ìjẹgàba Nínú A Midsummer Night's Dream

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ àròkọ lórí A Midsummer Night's Dream, tàbí tó fẹ́ gbé e sórí ìtàgé, yóò bá ìbéèrè kan pàdé láìpẹ́: ta ní ń gbìyànjú láti darí ta nínú eré yìí? Shakespeare kọ eré náà ní nǹkan bí ọdún 1595 tàbí 1596, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1600. Ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín títí di òní, nítorí pé ó kún fún olólùfẹ́ tó ṣìnà nínú igbó, iwin tó ń bá ara wọn jà, àti ahunṣọ kan tí orí rẹ̀ ṣàdédé di orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ̀rín náà dára, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ìran tí ẹnìkan kò ti fẹ́ fi dandan mú ẹlòmíràn kò tó nǹkan: bí wọn kò bá fẹ́ kó fẹ́ ẹni tí kò wù ú, wọ́n fẹ́ kó lọ síbi tí kò fẹ́ lọ, tàbí kó dákẹ́ nígbà tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ tí mo máa ń rí nínú àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé òǹkọ̀wé yóò kàn to orúkọ jọ: bàbá ń jẹgàba lórí ọmọ, ọba ń jẹgàba lórí ìyàwó, iwin ń jẹgàba lórí ènìyàn, ó parí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí ìgbìyànjú àwọn kan fi yọrí tí ti àwọn mìíràn sì forí ṣánpọ́n. Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kọ̀wé lórí eré yìí, mo fi ìdùnnú kọ ọ́ sí ìparí pé ìfẹ́ ti ṣẹ́gun agbára, pé olólùfẹ́ kọ̀ọ̀kan ló rí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Olùkọ́ mi fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Demetrius ńkọ́?" Ó gbà mí ní ọjọ́ mélòó kan kí n tó mọ ohun tó ń bi mí. Láti ìgbà tí mo sì ti mọ̀ ọ́n, n kò lè ka eré náà bí mo ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe ń múra sílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ ka eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó pa yín lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ mú pẹ́ńsùlù àti ìwé kan, kí ẹ tún un kà. Níbikíbi tí ẹnìkan bá ti fẹ́ fi agbára, ẹ̀bẹ̀, ẹ̀tàn tàbí oògùn yí ìfẹ́ inú ẹlòmíràn padà, ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rin nípa wọn. Ẹ̀tọ́ wo ni ẹni tó ń darí náà sọ pé òun ní? Kí ló fi ń ṣiṣẹ́? Ṣé ẹni tí wọ́n ń darí rí àyè sọ̀rọ̀, kí ló sì sọ? Nígbà wo ni ọ̀rọ̀ náà parí, ta ló sì parí rẹ̀? Ìbéèrè kẹrin yìí ni àwọn òǹkàwé máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa ń tú àṣírí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹ̀dá ìtàn bá ti mẹ́nu ba ojú tàbí ríríran. Ìlà náà yóò pọ̀ débi pé yóò yà yín lẹ́nu, yóò sì di okùn tí ẹ ó fi so àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ inú ààfin àti ti inú igbó pọ̀.

Ẹjọ́ Hermia

Ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ìran kìn-ín-ní, nítorí ibẹ̀ ni Shakespeare ti to gbogbo ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa. Theseus, olórí ìlú Áténì, ń ka ọjọ́ mẹ́rin tó kù kí òun àti Hippolyta, ọbabìnrin àwọn Amazon tí í ṣe jagunjagun obìnrin inú ìtàn àtijọ́, ṣe ìgbéyàwó. Egeus wọlé pẹ̀lú ìbínú. Ó fẹ́ kí Hermia ọmọ rẹ̀ fẹ́ Demetrius, ṣùgbọ́n Lysander ni Hermia fẹ́. Ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ tí bàbá yìí ń lò. Kò sọ pé ìdílé Lysander kò dára tó. Lysander fúnra rẹ̀ sọ níwájú gbogbo wọn pé ìdílé òun àti ohun ìní òun kò kéré sí ti Demetrius, kò sì sí ẹni tó já a nírọ́. Ohun tí Egeus ń tẹnu mọ́ ni pé tòun ni ọmọ náà, àti pé bó ti jẹ́ tòun, òun lè fà á lé ẹni tó wu òun lọ́wọ́ tàbí kí òun fà á fún ikú, gẹ́gẹ́ bí òfin àtijọ́ ìlú Áténì ti sọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ẹrù ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó bímọ. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ ìní yẹn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, nítorí wọ́n yóò tún jáde ní apá kẹrin.

Nígbà tó kan Theseus láti sọ̀rọ̀, ó sọ fún Hermia pé bí òrìṣà ló yẹ kí bàbá rẹ̀ rí lójú rẹ̀, pé òun Hermia kò ju ìda lọ lọ́wọ́ ẹni tó tẹ àwòrán sí i lára, ẹni náà ló sì láṣẹ láti fi àwòrán náà sílẹ̀ tàbí láti bà á jẹ́. Àfiwé yìí yẹ fún ìpínrọ̀ kan gbáko nínú àròkọ yín, nítorí ìda kò ní ẹnu, kò sì ní ojú. Theseus fi ọ̀nà kẹta kún ohun tí Egeus béèrè: bí Hermia kò bá fẹ́ kú tí kò sì fẹ́ Demetrius, ó lè lọ lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láìlọ́kọ láàárín àwọn obìnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún òrìṣà Diana. Ẹ má ṣe gbójú fo èyí, nítorí ọ̀pọ̀ àròkọ ló máa ń sọ pé ikú àti Demetrius nìkan ni wọ́n fi síwájú ọmọ náà.

Láàárín ọ̀rọ̀ yìí ni Hermia sọ pé ì bá wu òun kí bàbá òun lè fi ojú òun wò ó. Theseus sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ojú rẹ̀ ló yẹ kó máa fi òye bàbá rẹ̀ wò. Gbólóhùn méjì yìí ni mo kà sí kọ́kọ́rọ́ gbogbo eré náà. Hermia ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnìkan bá òun rí ohun tí òun ń rí. Theseus ń sọ pé ojú tó wà lórí rẹ̀ gan-an, àṣẹ ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé. Òfin kò ní ọ̀nà tí yóò fi mú ojú Hermia. Ó lè dẹ́rù bà á, ó lè tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n kò lè mú kó rí Demetrius kó sì rò pé Lysander lòun ń wò. Ohun tí yóò lè ṣe ìyẹn wà nínú igbó, kò sì tíì wọ inú ìtàn.

Ẹ̀sùn tí Egeus fi kan Lysander náà tọ́ sí àkíyèsí. Ó ní ó ti fi ewì, orin tó ń kọ lójú fèrèsé lábẹ́ òṣùpá, ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi irun ṣe, òrùka, òdòdó àti àdídùn gba ọkàn ọmọ òun, bí ẹni sa oògùn sí i. Bàbá náà kò lè gbà pé ọmọ òun lè fi ojú ara rẹ̀ yan ẹni tó wù ú. Lójú tirẹ̀, bí kò bá tẹ̀lé òun, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ti mú un. Nígbà tí oògùn ìfẹ́ gan-an bá dé nígbẹ̀yìn, Lysander àti Demetrius ni yóò mú nínú àwọn olólùfẹ́ mẹ́rin náà, ìyẹn àwọn méjèèjì, Hermia, àti Helena ọ̀rẹ́ Hermia tó fẹ́ràn Demetrius. Kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọbìnrin méjèèjì tí wọ́n kán an sí lójú.

Báwo ni ìgbìyànjú Egeus ṣe parí ní ipele yìí? Hermia àti Lysander pète láti sá lọ sí ilé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí Lysander kan, opó tí kò bímọ, tó ń gbé níbi tí òfin Áténì kò dé. Ìjẹgàba tó dúró ní gbangba báyìí, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ ibi tó wà, ó sì mọ ibi tí òun lè sá gbà.

Ẹ ka ìdákẹ́jẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀

Theseus sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé idà lòun fi fẹ́ Hippolyta, àti pé bí òun ṣe ń ṣe é léṣe lòun ṣe gba ìfẹ́ rẹ̀, ó wá ṣe ìlérí pé ayẹyẹ lòun yóò fi gbé e níyàwó. Hippolyta sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìran náà, ọ̀rọ̀ nípa òṣùpá àti bí ọjọ́ mẹ́rin yóò ṣe tètè kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń dá ẹjọ́ ọmọbìnrin kan níwájú rẹ̀, wọ́n ń fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn, òun kò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde, Theseus bi í pé báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí. Kí nìdí tó fi béèrè? Ó ní láti jẹ́ pé ó rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ń darí eré náà gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí òṣèré tó ń ṣe Hippolyta yóò máa ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn, nítorí bí ó bá kàn dúró bí òpó, a ti pàdánù ẹ̀rí tó lágbára jù nínú ìran náà.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ dé apá karùn-ún. Níbẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti ṣègbéyàwó, Lysander àti Demetrius ń dá àpárá, wọ́n ń fi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣeré níwájú wọn ṣẹ̀fẹ̀. Hermia tó dúró níwájú olórí ìlú tó sì sọ tẹnu rẹ̀, àti Helena tí ẹnu rẹ̀ kò sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ igbó dé òpin rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní gbogbo apá náà.

Omi òdòdó

Ìjà Oberon ọba àwọn iwin àti Titania ayaba rẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Ọmọkùnrin kékeré kan ló fà á. Ìyá ọmọ náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olùfọkànsìn Titania ní Íńdíà. Àwọn méjèèjì a máa jókòó létí òkun, wọn a máa fi ìgbòkun ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ kún rẹ́rìn-ín, pé ó yọ ikùn bí aláboyún. Obìnrin náà kú nígbà tó ń bímọ, Titania sì gba ọmọ náà tọ́ nítorí ìyá rẹ̀. Oberon fẹ́ gbà á kó lè fi ṣe ọ̀kan lára àwọn tó ń tẹ̀lé e kiri inú igbó. Ẹ fi ìdí méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé yín, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n wúwo bákan náà. Lójú tèmi, wọn kò wúwo bákan náà rárá.

Kì í ṣe pé Titania kò ní agbára tirẹ̀. Ó ti kọ ibùsùn Oberon, ó sì ti kọ̀ láti bá a kẹ́gbẹ́, ìjà wọn sì ti da ojú ọjọ́ rú: odò kún àkúnya, ọkà jẹrà lóko kó tó yọ irùngbọ̀n, àwọn ìgbà inú ọdún sì gbé aṣọ ara wọn wọ̀. Nígbà tí Oberon rí i pé ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, ìbínú náà kò sì ràn án, ó rán Puck ìránṣẹ́ rẹ̀ pé kó lọ já òdòdó kan wá, èyí tó funfun bíi wàrà tẹ́lẹ̀ kí ọfà Cupid òrìṣà ìfẹ́ tó bà á tó sì di elésèé àlùkò. Puck ní ìṣẹ́jú 40 lòun yóò fi yí ayé po. Ẹni tí wọ́n bá kán omi òdòdó náà sí ìpéǹpéjú nígbà tó bá sùn, ohun ẹlẹ́mìí àkọ́kọ́ tó bá rí nígbà tó bá jí ni ọkàn rẹ̀ yóò fà sí.

Ẹ rí i pé ojú náà ni wọ́n tún padà sí. Ohun tí Theseus pa láṣẹ fún Hermia tí kò ṣeé ṣe, Oberon ti rí irinṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí àròkọ yín yóò ti ní egungun nìyí: ẹ fi òfin Áténì wé omi òdòdó. Hermia mọ̀ pé wọ́n ń fipá mú òun, ìdí nìyẹn tó fi lè kọ̀. Titania jí, ó rò pé ohun tó wu òun lòun ń ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n dè òun, kò ní wá ọ̀bẹ tí yóò fi gé okùn.

Ìran tí Titania ti jí ni mo máa ń ní kí àwọn tí a jọ ń ka eré yìí kà sókè, ní ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Puck ti fi orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sí Bottom ahunṣọ lọ́rùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bottom ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń kọrin kí wọ́n lè gbọ́ pé ẹ̀rù kò ba òun. Titania la ojú, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀. Bottom dá a lóhùn pé lójú tòun, kò sí ìdí pàtàkì tó fi yẹ kó fẹ́ràn òun, àti pé làákàyè àti ìfẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn pọ̀ mọ́ láyé ìsinsìnyí. Orí ni wọ́n pààrọ̀ fún Bottom, wọn kò fọwọ́ kan ojú rẹ̀, òun nìkan ló sì ríran tààrà láàárín gbogbo wọn lóru ọjọ́ náà. Ó ní ohun tó wu òun ni kí òun rọ́nà jáde nínú igbó. Titania ní kó má ṣe ronú ìyẹn, nítorí yóò dúró níbẹ̀, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ó fún un ní iwin mẹ́rin tí yóò máa sìn ín, tí yóò máa fún un ní èso àti oyin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ jáde, ó pàṣẹ pé kí wọ́n di ahọ́n olólùfẹ́ òun, kí wọ́n mú un wá ní ìdákẹ́jẹ́.

Mo ti rí àròkọ tó dára gan-an tó gbàgbé gbólóhùn yẹn pátápátá, tó sì pe Titania ní ẹni tí wọ́n fìyà jẹ nìkan. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́ lóòótọ́, ìyà náà sì dùn mí. Síbẹ̀, bí Oberon ṣe ń ṣe é lòun náà ń ṣe Bottom, ó kàn fi oyin sí i ni. Bí ẹ bá ṣe ìwé yín dáadáa, orúkọ Titania yóò wà ní ìhà méjèèjì. Ti Helena náà yóò wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lé e dànù bí ajá, òun fúnra rẹ̀ sì ní kí Demetrius fi òun ṣe ajá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló tú àṣírí Hermia ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí Demetrius lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí Oberon ti tú Titania sílẹ̀ ní apá kẹrin, ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Àánú ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà, pé ó ti ń ṣe òun. Lẹ́yìn náà ló ròyìn bí òun ṣe pàdé rẹ̀, bí òun ṣe fi í ṣẹ̀sín títí ó fi ń bẹ̀bẹ̀, tí òun wá béèrè ọmọ náà, tó sì fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí ọmọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó sọ pé òun yóò wo ojú Titania sàn. Nígbà tí Titania jí, wọn kò dárúkọ ọmọ náà fún un, a kò sì gbọ́ kó béèrè rẹ̀ mọ́.

Àṣìṣe Puck kò gbọ́dọ̀ gba ààyè púpọ̀ nínú àròkọ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń mú ẹ̀rín wá. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ nípa rẹ̀ kò ju pé aṣọ Áténì nìkan ni Oberon fi júwe Demetrius, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sa oògùn sí kó lè fẹ́ràn Helena; Lysander náà sì wọ aṣọ Áténì, òun ni Puck kọ́kọ́ kán omi náà sí lójú. Ọ̀gá ló fi àmì tí kò tó rán ìránṣẹ́ níṣẹ́.

Ọgbọ́n Quince

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ń fò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìjẹgàba. Ẹ má ṣe fò wọ́n. Quince gbẹ́nàgbẹ́nà ń pín ipa eré tí wọ́n fẹ́ ṣe níbi ìgbéyàwó Theseus fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Bottom sì fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀: ó fẹ́ ṣe Pyramus, ọkùnrin olólùfẹ́ inú eré náà, ó fẹ́ ṣe Thisbe, obìnrin tí Pyramus fẹ́ràn, ó fẹ́ ké ramúramù bíi kìnnìún. Quince kò ní òfin, kò ní idà, kò ní òdòdó. Ó fi ọ̀rọ̀ pọ́n ọn lé: ó ní Pyramus jẹ́ arẹwà ọkùnrin, ọmọlúàbí tó wuyì, nítorí náà kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Bottom gbà. Nínú gbogbo ìgbìyànjú tó wà nínú eré náà, èyí nìkan ni mo lè tọ́ka sí pé ẹni tí wọ́n ń darí jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó rò ó wò, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbà láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ tún wo bí ẹ̀rù ààfin ṣe ń bà wọ́n: wọ́n ní bí kìnnìún bá dẹ́rù ba àwọn obìnrin tó wà ní ìjókòó, wọn yóò so gbogbo àwọn rọ̀.

Demetrius ńkọ́?

Ní apá kẹrin, Theseus àti àwọn ọdẹ rẹ̀ bá àwọn olólùfẹ́ mẹ́rin níbi tí wọ́n sùn sí. Egeus fi ariwo bẹnu, ó ní òfin lòun fẹ́, ó sì sọ fún Demetrius pé wọ́n fẹ́ ja àwọn méjèèjì lólè, kí wọ́n ja Demetrius lólè ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n sì ja òun lólè ìyọ̀ǹda òun. Àwọn ọ̀rọ̀ ìní tí ẹ kọ sílẹ̀ níjọ́ kìn-ín-ní nìyẹn. Demetrius wá sọ pé òun kò mọ agbára tó ṣe é, ṣùgbọ́n agbára kan ni, ìfẹ́ òun sí Hermia ti yọ́ bíi yìnyín. Lẹ́yìn èyí ni Theseus sọ fún Egeus pé òun yóò borí ìfẹ́ inú rẹ̀.

Ẹ padà sí ìran kìn-ín-ní kí ẹ fi wé e. Níbẹ̀, Theseus sọ pé kò sí bí òun ṣe lè dẹ òfin náà. Hermia kò yí padà láti ìgbà náà, òfin kò yí padà, Egeus kò yí padà. Ojú Demetrius nìkan ló yí padà, wọ́n sì kán omi sí i kó tó yí. Wọ́n fi ewé mìíràn wo Lysander àti Titania sàn. Ti Demetrius, wọn kò wò ó sàn, kò sì mọ̀. Nínú ìwé yín, àyè ìbéèrè kẹrin ní iwájú orúkọ rẹ̀ yóò ṣófo.

Ẹ gbọ́dọ̀ gbé èrò tó tako èyí yẹ̀ wò pẹ̀lú òtítọ́, nítorí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Demetrius ti fẹ́ Helena rí kó tó yíjú sí Hermia. Lysander sọ ọ́ ní ìran kìn-ín-ní. Demetrius fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà wé àìsàn, pé nígbà tí ara òun kò yá lòun kórìíra oúnjẹ yìí, ara òun ti wá yá báyìí. Nítorí náà, ẹnìkan lè sọ pé ṣe ni omi òdòdó dá a padà sí ibi tó ti wá. N kò lè sọ pé ẹni tó bá dì í mú báyìí jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó dáhùn ọ̀rọ̀ Helena, ẹni tó sọ pé òun rí Demetrius bí ẹni rí ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye he, tòun ni, kì í sì í ṣe tòun. Helena kò mọ nǹkan kan nípa òdòdó, síbẹ̀ ara rẹ̀ fu.

Bí ẹ bá ń gbé e sórí ìtàgé

Ọ̀nà méjì kan wà tí àwọn olùdarí ti gbà fi ọ̀rọ̀ yìí han òǹwòran. Ní ọdún 1970, Peter Brook jẹ́ kí òṣèré kan náà ṣe Theseus àti Oberon, kí òṣèré kan náà sì ṣe Hippolyta àti Titania, nínú yàrá funfun kan tí kò jọ igbó rárá. Ẹni tó bá wò ó yóò rí i pé ìjà tí Hippolyta kò lè jà nínú ààfin ni Titania ń jà nínú igbó. Ní ọdún 2019, ní Bridge Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, Nicholas Hytner pààrọ̀ ọ̀rọ̀ Oberon àti Titania, débi pé Titania ló sa oògùn sí Oberon, Oberon ló sì yófẹ̀ẹ́ Bottom. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ lórí ìwé láìná kọ́bọ̀: ẹ mú ìran kan, ẹ pààrọ̀ orúkọ, kí ẹ tún un kà, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ̀rín ti dúró tàbí tó ti pọ̀ sí i.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí Egeus yóò wà níbi ìgbéyàwó. Nínú ìwé ọdún 1600, kò sí níbẹ̀. Philostrate, ẹni tó ń ṣètò àríyá ààfin, ló ń gbé ìwé tí wọ́n to àwọn eré tó wà nílẹ̀ sí lé Theseus lọ́wọ́. Nínú ìwé ńlá ọdún 1623 tí wọ́n kó àwọn eré Shakespeare jọ sí, Egeus ló gba iṣẹ́ náà, ó sì ní láti dúró níwájú ọmọ rẹ̀ àti Lysander, kó máa bá wọn wá ohun tí wọn yóò fi ṣe àríyá. Èyí tí ẹ bá yàn yóò sọ bóyá bàbá náà bínú lọ, tàbí ó gbà, tàbí wọ́n tẹ òun náà lórí ba.

Nígbà tí gbogbo wọn bá ti lọ sùn, Puck nìkan ni yóò kù lórí ìtàgé. Yóò yíjú sí àwọn tó jókòó, yóò sì sọ fún wọn pé bí ohunkóhun bá bí wọn nínú, kí wọ́n gbà pé wọ́n sùn ni, àlá ni gbogbo ohun tí ojú wọn rí. Lẹ́yìn náà yóò ní kí wọ́n na ọwọ́, wọn yóò sì pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ orúkọ Puck àti ti òǹwòran sí ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé yín, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nípa àwọn náà.